Kí ló wà nínú agolo Red Bull gan-an?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń tọ́jú owó láti ṣe ohun mímu afúnnilágbára tèmi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má dán an wò, pé Red Bull ní àṣírí kan tí ẹlòmíràn ò lè mọ̀, pé ara akọ màlúù ni wọ́n ti ń fa ohun tó ń fún un lágbára, àti pé ilé ẹjọ́ ti dá wọn lẹ́bi ní Amẹ́ríkà nítorí pé ẹni tó mu ún kò hu ìyẹ́. Ẹlòmíràn ní ìpolówó lásán ni gbogbo ẹ̀, pé omi ṣúgà ni. Èwo ni ká gbà gbọ́? Ṣé ẹni bíi tèmi lè rí ibì kan dúró sí nínú ọjà yìí, àbí kí n di owó mi mú?"

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó dá a lóhùn, torí owó ọdún mẹ́ta kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Bó ṣe yé mi, ẹ̀rù tó ń bà ọ́ ni pé o fẹ́ bá ẹni tó ní oògùn lápò wọ̀yá ìjà, tí ìwọ sì ń lọ lọ́wọ́ òfo. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí títa ohun mímu àti pípolówó rẹ̀, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní irú ẹ̀rù yìí sọ̀rọ̀. Inú agolo ni gbogbo wọn máa ń wò. Ohun tó sọ Red Bull di ńlá kò sí nínú agolo, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ariwo ìpolówó lásán bí ẹnì kejì ṣe wí. Jẹ́ kí n tú u palẹ̀ fún ọ.

Ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ akọ màlúù. Èròjà tí wọ́n ń pè ní taurine ló dá àhesọ náà sílẹ̀. Ní 1827, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ará Jámánì, Friedrich Tiedemann àti Leopold Gmelin, rí i nínú òróòro màlúù. Torí bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ fi wá látinú taurus, bí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ṣe ń pe akọ màlúù. Orúkọ yẹn nìkan ló kù. Màlúù fúnra rẹ̀ ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ni wọ́n ti ń ṣe taurine tí wọ́n ń bù sínú ohun mímu lónìí. Ara èèyàn pàápàá ń ṣe tirẹ̀, ó sì wà nínú ẹran àti ẹja tí à ń jẹ. Kò sí ìtọ̀ màlúù níbẹ̀, kò sí àtọ̀, kò sí òróòro. Àwọn nǹkan tó wà nínú agolo mílílítà 250 kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, ara agolo ni wọ́n kọ ọ́ sí: omi, ṣúgà bíi gíráàmù 27, kaféènì mílígíráàmù 80, taurine, àwọn fítámì ìdílé B, àti afẹ́fẹ́ tó ń mú un ta lẹ́nu. Kaféènì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ti ife kọfí kan lọ. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ àti ìmọ̀ lè po ohun tó jọ ọ́, àìmọye èèyàn ló sì ti po irú ẹ̀. Kí ló dé tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò fi dé ibì kankan? Ìbéèrè tó yẹ kó máa dí ọ lójú oorun nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ní ìdí, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ gbé e gba ibòmíràn. Lóòótọ́ ni wọ́n pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà ní 2013, lóòótọ́ sì ni wọ́n gbà ní 2014 láti fi dọ́là mílíọ̀nù 13 parí ẹ̀. Adájọ́ kankan kò dá wọn lẹ́bi. Wọ́n ní àwọn kò jẹ̀bi, àwọn kàn sanwó kí ẹjọ́ má bàa fà gùn ni. Ọ̀rọ̀ ìyẹ́ wà nínú ìwé ẹ̀sùn, àmọ́ òun kọ́ ni kókó. Ohun tí olùpẹjọ́ wí ni pé ìpolówó náà ń mú káwọn èèyàn gbà pé Red Bull ń ṣe fún ara ju bí kọfí ṣe ń ṣe lọ, tí wọ́n sì ń torí bẹ́ẹ̀ san owó tó ju owó lọ. Fi èyí sọ́kàn tó o bá ń kọ ọ̀rọ̀ sára ìgò tìrẹ. Ẹnikẹ́ni kò ní rò pé òun máa hu ìyẹ́ lóòótọ́. Ìlérí tó jọ òótọ́, tí o kò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀, ló ń gbé èèyàn dé kóòtù.

Ìtàn Red Bull gan-an kò bẹ̀rẹ̀ ní Ọ́stríà, níbi tí ilé iṣẹ́ náà fìdí sọlẹ̀ sí. Láti 1962 ni ilé iṣẹ́ apòògùn Taisho ti ń ta Lipovitan D ní Japan, nínú ìgò kékeré bíi ìgò oògùn, taurine sì wà nínú rẹ̀. Ní Thailand, Chaleo Yoovidhya, ọmọ tálákà tí wọ́n bí sí ìpínlẹ̀ Phichit, tó ti ta oògùn fún ẹlòmíràn kó tó dá ilé iṣẹ́ apòògùn tirẹ̀ sílẹ̀, rí i pé irú ohun mímu yìí ń tà. Láàárín àwọn ọdún 1970 ló po tirẹ̀, tó sọ ọ́ ní Krating Daeng, ìyẹn akọ màlúù igbó pupa. Ó dùn rinrin, kò ní afẹ́fẹ́. Wo àwọn tó gbé e lọ bá: awakọ̀ akẹ́rù tó ń wakọ̀ mọ́jú, àwọn tó ń kọ́lé, àgbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò dúró de àwọn ọlọ́lá ìgboro Bangkok kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àwọn tó ń rà á kò kà á sí ohun afẹ́. Ohun èlò iṣẹ́ ni, bíi ọkọ́ tàbí ṣọ́bìrì. Mo fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn náà gan-an, torí àwọn tó ń sọ ìtàn Red Bull máa ń sáré kọjá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, orí ìpìlẹ̀ Chaleo ló dúró lé.

Ọdún 1982 ni Dietrich Mateschitz, ọmọ Ọ́stríà tó ń bá Blendax ṣiṣẹ́, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ ìfọyín ní Jámánì, bá ọ̀nà iṣẹ́ dé ìhà ibẹ̀. Àárẹ̀ ìrìn àjò òfurufú ti mú un, ó mu Krating Daeng, ojú rẹ̀ là. Òun kọ́ ni àlejò àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ là ní Thailand. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé kò padà sílé lọ po ayédèrú. Ẹni tó ni ín ló lọ bá. Ní 1984, òun àti Chaleo dá Red Bull GmbH sílẹ̀. Oníkálukú mú dọ́là 500,000 wá, oníkálukú gba ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì fún ọmọ Chaleo ní 2 tó kù. Mateschitz ni yóò máa darí. Ẹni ogójì ọdún ni nígbà yẹn, olówó oṣù tó fiṣẹ́ sílẹ̀, tó kó ohun tó ní lé ohun tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní ìlú rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta gbáko ló tún lò kí agolo kan tó délẹ̀ ọjà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kó o fara balẹ̀ kà. Ó bu afẹ́fẹ́ sí i, ó dín adùn rẹ̀ kù kó lè bá ẹnu àwọn ará Yúróòpù mu. Ó kó o sínú agolo tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ búlúù àti fàdákà, tí kò jọ agolo ẹlẹ́rìndòdò kankan tó wà lórí àtẹ. Ó gbé e fún àwọn tó ń ṣèwádìí ọjà kí wọ́n fi lọ àwọn èèyàn wò. Èsì tó dé burú: wọn kò fẹ́ àwọ̀ rẹ̀, wọn kò fẹ́ bó ṣe rí lẹ́nu, ọ̀rọ̀ pé ó ń ta ara àti ọpọlọ jí kò sì wọ̀ wọ́n létí. Mo mọ ohun tí èmi ì bá ti ṣe lọ́jọ́ yẹn: mà bá ti gbé e padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń pò ó kí wọ́n tún adùn rẹ̀ ṣe. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n bi ní ìbéèrè ń fi í wé ohun tí à ń mu fún adùn, bẹ́ẹ̀ adùn kọ́ ló fẹ́ tà. Ta ló ń mu oògùn ikọ́ torí adùn? Bí oògùn bá tilẹ̀ dùn jù, ọkàn èèyàn kì í gbà pé yóò ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Johannes Kastner, tó ní ilé iṣẹ́ ìpolówó, ló bá a wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣì ń lò dòní, pé Red Bull a máa fún ni ní ìyẹ́. Ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 1987 ni títà bẹ̀rẹ̀ ní Ọ́stríà. Agolo rẹ̀ kéré ju ti ẹlẹ́rìndòdò lọ, owó rẹ̀ sì ju tiwọn lọ dáadáa. Èèyàn lè pè é ní ojúkòkòrò, ṣùgbọ́n owó yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe: ó ń sọ fún ẹni tó mú un dání pé èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn yòókù.

Báwo ni wọ́n wá ṣe tà á? Wákàtí ni wọ́n ń wá kiri. Wọ́n ń wá àsìkò tí ara máa ń sú èèyàn, wọ́n á sì jókòó síbẹ̀ dè é. Wọ́n yan akẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wo ojú rẹ̀ ní yunifásítì, wọ́n kó agolo fún un. Wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ ní ọkọ̀ kékeré tó gbé agolo ràgàjì sẹ́yìn, kí wọ́n máa pín in ní tútù níbi ìdíje eré ìdárayá, lẹ́nu ọ̀nà ilé ijó lóru, níwájú yàrá ìkàwé lásìkò ìdánwò, àti níbi iṣẹ́ tí oorun ti ń kun àwọn èèyàn lọ́sàn-án. Ohun tí wọ́n fún ọ nígbà tó o ń kọjá lọ jẹ́jẹ́, o lè gbàgbé ẹ̀ kó o tó dé ìkóríta. Èyí tó bá ọ nígbà tí orí rẹ ti ń tẹ̀ sórí ìwé, tí ojú rẹ sì là lẹ́yìn rẹ̀, ara rẹ kò ní gbàgbé. Bí wọ́n ṣe ń lọ láti ìlú kan sí òmíràn nìyẹn, wọn ò kánjú: Hungary ní 1992, Jámánì ní 1994, California ní 1997. Ibi tí ìjọba kò tíì fọwọ́ sí i, òkìkí rẹ̀ ló ń ṣáájú rẹ̀ dé. Faransé kò gbà á láyè títí di 2008 nítorí taurine, àhesọ màlúù tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ yẹn náà sì bá wọn ṣiṣẹ́ ju pátákó ìpolówó lọ, torí ohun tí àgbà bá ní kí ọmọdé má fọwọ́ kàn, ọmọdé á fẹ́ mọ̀ ọ́n. Má gbà á ní àwòkọ o. Àhesọ kan náà lè pa ọjà kékeré kó tó rìn.

Eré ìdárayá ló tẹ̀ lé e. Ilé iṣẹ́ mìíràn a máa sanwó kí orúkọ rẹ̀ hàn lára aṣọ ẹgbẹ́ ẹlòmíràn. Red Bull náà bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú Formula One, ìyẹn ìdíje ọkọ̀ asáré tó ga jù lágbàáyé, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Sauber ní 1995, ṣùgbọ́n nígbà tí 2004 ń parí lọ wọ́n ra ẹgbẹ́ Jaguar, ó di tiwọn pátápátá. Sebastian Vettel fi ọkọ̀ wọn gba ife àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra láti 2010 sí 2013, Max Verstappen náà gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin láti 2021 sí 2024. Ẹni tó ń ta ohun mímu wá ń na àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ lórí ilẹ̀ wọn. Nínú bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ náà kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ra ẹgbẹ́ Salzburg ní 2005, wọ́n pa orúkọ rẹ̀ dà, wọ́n yí àwọ̀ àlùkò tó jogún padà sí pupa àti funfun. Àwọn olólùfẹ́ kan fi ibẹ̀ sílẹ̀, wọ́n lọ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní orúkọ àtijọ́. Ní Leipzig, tí wọ́n dé ní 2009, òfin bọ́ọ̀lù Jámánì kò gbà kí ẹgbẹ́ jẹ́ orúkọ olówó rẹ̀, ni wọ́n bá ní RB inú orúkọ ẹgbẹ́ náà dúró fún RasenBallsport, ìyẹn eré bọ́ọ̀lù orí koríko, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù níbẹ̀ kò sì tíì fi í jì wọ́n. Lójú tèmi, àṣìṣe ni ti Salzburg. Ẹni tó bá fẹ́ ra ohun tí àwọn èèyàn nífẹ̀ẹ́ kò yẹ kó kọ́kọ́ bọ́ aṣọ lára rẹ̀.

Bí o bá fẹ́ rí gbogbo ọgbọ́n wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wá fídíò ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2012 wò. Bálúùnù ńlá gbé Felix Baumgartner, ọmọ Ọ́stríà bíi Mateschitz, gòkè láti Roswell ní New Mexico títí ó fi dé nǹkan bíi kìlómítà 39. Ilẹ̀kùn ṣí. Ó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ́ sórí àtẹ̀gùn kékeré ìta, òkùnkùn wà lókè rẹ̀, ayé rí róbótó nísàlẹ̀. Ó dúró, ó kí ayé bíi sójà, ó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Àwọn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ ló ń wò ó lẹ́ẹ̀kan náà lórí YouTube bó ṣe ń já bọ́, tó ń yí bìrìbìrì, tó sì yára ju ìró lọ. Mo wò ó, ọwọ́ mi wà lẹ́nu. Ìgbà tó fi máa fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ni mo tó rántí iṣẹ́ mi, mo wá kíyè sí i pé kò sí agolo lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó mu nǹkan, kò sí ẹni tó ní ká ra nǹkan. Orúkọ nìkan ló wà lára aṣọ àti akoto rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n gbé e sínú ìròyìn fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ ìyẹ́ tí wọ́n ti ń sọ láti 1987, wọ́n wá fi ojú han ayé.

Èmi náà ti wà ní òdìkejì rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan gbà mí nígbà kan kí n bá wọn gbé ohun mímu tuntun jáde. Ó dùn ju Red Bull lọ, gbogbo ẹni tó tọ́ ọ wò ló yìn ín. Pátákó àti rédíò la kó owó lé. Lọ́jọ́ tí a fi lọ́lẹ̀, mo dúró ti kúlà lọ́sàn-án gangan níbi táwọn èèyàn ti ń ya wọlé ya jáde, mò ń pín in. Ọkùnrin kan mu tirẹ̀ tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Ó dùn o. Ìgbà wo ni wọ́n ń mu ún?" Mo ní, "Ìgbàkígbà, ẹ̀gbọ́n." Ó rẹ́rìn-ín, ó dá ìgò padà fún mi, ó lọ. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, inú ilé ìkẹ́rù ni mo wà tí mò ń ka páálí tí ọjọ́ ti kọjá lára wọn. Oòrùn ojú fèrèsé ti pa àwọ̀ àwọn tó wà lápá ibẹ̀ rẹ́. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ṣẹlẹ̀ láàárín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé "ìgbàkígbà" yẹn ló pa wá. Chaleo ní ìdáhùn sí ìbéèrè ọkùnrin náà: nígbà tí ọ̀nà ṣì jìn tí oorun ń kùn ọ́ lórí ọkọ̀. Mateschitz ní tirẹ̀. Àwa kò ní.

Mi ò lè kọ gbogbo èyí kí n má sọ ti ara tó ń mu ún. Èmi kì í ṣe dókítà, ẹni tó bá ní àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tó lóyún, dókítà rẹ̀ ni kó bi. Ohun tó yé mi ni pé kaféènì kì í fún ara ní agbára tuntun. Èròjà kan wà tó ń jẹ́ adenosine, tó máa ń kóra jọ nínú ọpọlọ bí a ṣe ń pẹ́ lójúfò, tó ń sọ fún wa pé ó tó kí á sùn. Kaféènì á lọ jókòó sáyè rẹ̀ kó má bàa rí ọ̀rọ̀ sọ. Gbèsè oorun náà ṣì wà nílẹ̀. Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù sọ ní 2015 pé àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá lè mu kaféènì tó mílígíráàmù 400 lójúmọ́ láìséwu, ìyẹn bí agolo márùn-ún, tí kò bá mu kọfí tàbí tíì rárá. Ṣúgà agolo márùn-ún yẹn wá ńkọ́? Kí a pò ó mọ́ ọtí tún burú jù, torí ojú ẹni náà á là bí ọtí tilẹ̀ ti pa á, á sì rò pé òun lè wakọ̀. Ti ọmọdé ló ń dùn mí jù. Lithuania ti fòfin de títà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 láti 2014, Poland láti 2024. Bí ìwọ bá po tìrẹ, má ya àwòrán ọmọdé sí i, má sì gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wọn.

Ó wá ku ọ̀nà tó wà níwájú rẹ. Bí o bá fẹ́ ṣe agolo tẹ́ẹ́rẹ́ tó jọ tiwọn kó o wá tà á ní ẹ̀dínwó, mo bẹ̀ ọ́, di owó rẹ mú. Àwọn tó ń ta èyí tó lé ní bílíọ̀nù 12 agolo lọ́dún kan ń ra agolo àti ṣúgà ní iye tí o kò lè rí rà láéláé, àwọn alágbára mìíràn sì ti kún ọ̀nà ẹ̀dínwó náà fọ́fọ́. Ọ̀nà kejì ni ọ̀nà Mateschitz gan-an, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí: kó o wá ohun mímu tó dára tí ẹlòmíràn ti ń ṣe, tí àwùjọ kékeré kan fẹ́ràn, kó o lọ bá ẹni tó ni ín kí ẹ jọ dòwò. Ó ń gba sùúrù, ó sì léwu bí ìwé àdéhùn kò bá yè kooro, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ náà ti parí kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni kó o po tìrẹ fún àwọn èèyàn kan pàtó ní wákàtí kan pàtó tí kò sí ẹni tó ń tọ́jú wọn: nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, àwọn tó ń ṣọ́ ilé, àwọn tó ń yan búrẹ́dì kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun ni mo fara mọ́ jù fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ mi ò lè ṣèlérí pé yóò tà. Èmi náà ti rí ohun tó dára tí kò tà.

Nítorí náà, má tíì sanwó fún ilé iṣẹ́ tó ń po ohun mímu. Gba ìwé àṣẹ tó yẹ, po ìgò ọgọ́rùn-ún péré, kó o gbé e lọ bá àwọn tó o ní lọ́kàn ní wákàtí yẹn gan-an, bó bá tilẹ̀ jẹ́ aago mẹ́ta òru. Má bi wọ́n bóyá ó dùn. Fún wọn ní ìgò kan, kó o kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kó o padà lọ lọ́sẹ̀ kejì lọ́wọ́ òfo, kó o wo iye ẹni tí yóò bi ọ́ pé èwo ni tòní. Kọ iye náà ránṣẹ́ sí mi, àwa méjèèjì á wá sọ̀rọ̀ owó ọdún mẹ́ta yẹn.